Irin Tó Ń Padà Sílé

Ọyẹ́ ọdún tó kọjá mú gan-an ní Ilé-Ifẹ̀. Ní àdúgbò wa ní Ìrẹmọ, ẹni tó bá jáde ní aago márùn-ún ìdájí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ kì í rí iwájú dáadáa, ètè gbogbo ènìyàn sì ti bó. Àwọn kan fẹ́ràn ọyẹ́ nítorí pé aṣọ tí wọ́n bá sá máa ń tètè gbẹ. Ní ilé tiwa, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà wá. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tí àwọn dókítà ń pè ní sickle cell, òtútù sì wà lára ohun tó máa ń jí ìrora náà dìde nínú eegun rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tutù jù lóru, kò sí ẹni tí yóò tún sùn mọ́ nínú ilé.

Àǹtí wa tó ń gbé ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi àwọn àpò kéékèèké kan ránṣẹ́ sí i. Àpò náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. A ó ya ọ̀rá tó wà lára rẹ̀, a ó gbọ̀n ọ́n díẹ̀, a ó sì dì í mú. Kí a tó ka ẹsẹ Bíbélì kan tán, ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, nígbà tó bá sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti gbóná débi pé a ní láti fi aṣọ wé e kó má baà jó ọmọ náà lára. Bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bàbá àgbà wa gbé e wò síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Iná dà?" Mo ní kò sí iná, kò sí bátìrì, kò sí ìṣáná. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún wọn: lẹ́búlẹ́bú irin, iyọ̀, omi, èédú àti vermiculite, ìyẹn irú òkúta fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kan tó máa ń mu omi bíi kànìnkànìn. Bàbá mi orí. Wọ́n ní, "Èmi ti gbé láàárín àwọn alágbẹ̀dẹ láti kékeré. Irin kì í déédéé gbóná. Ẹnìkan ló máa ń mú un gbóná."

Gbólóhùn yẹn ni mo ń gbé kiri láti ìgbà náà. Mo kọ́kọ́ rò pé Bàbá ṣì í ni. Nígbà tí mo ti wá ìtàn irin dé ibi tí mo wá a dé, mo rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ: ẹnìkan ló mú un gbóná, àmọ́ kì í ṣe lóru ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò náà. Ìpẹtà ni. Ohun kan náà tó ń jẹ páànù òrùlé, tó ń jẹ àdá tí a gbàgbé sóko, òun ni wọ́n dì sínú ọ̀rá tí wọ́n ń tà fún ènìyàn. Irin máa ń so mọ́ ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́, bí wọ́n bá sì ti so pọ̀, ooru á jáde. Gíráàmù irin kan ṣoṣo, tó bá dípẹtà tán pátápátá, á tú ooru tó tó kilojoule 7.4 sílẹ̀, ìyẹn tó láti fi bíi dígírì 7 kún ìgbóná omi tó kún kọ́ọ̀bù ńlá kan. Páànù òrùlé wa náà ń tú irú ooru yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ogún ọdún ló fi ń tú u, kò sì sí ọwọ́ tó lè mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí àwọn tó ṣe àpò náà ṣe ni pé wọ́n lọ irin kúnná kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi púpọ̀ fọwọ́ kàn, wọ́n fi omi àti iyọ̀ sí i nítorí pé omi oníyọ̀ máa ń mú ìpẹtà yára (ẹ bi àwọn tó ní mọ́tò létí òkun l'Ékòó), wọ́n fi èédú tó ní ihò wínníwínní sí i kí afẹ́fẹ́ lè kálẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n wá fi ọ̀rá dé e pa. Ìgbà tí a bá ya ọ̀rá ni afẹ́fẹ́ tó wọlé. Ogún ọdún di òru kan.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè Bàbá ṣì wà níbẹ̀. Níbo ni irin ti rí ooru náà?

A kì í wa irin nínú ilẹ̀ bí a ṣe ń wa wúrà. Nínú ilẹ̀, irin ti so mọ́ ọ́síjìn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òkúta irin tó pupa bí osùn tí a ń rí létí ọ̀nà, ìpẹtà ni òun náà. Kí ènìyàn tó lè rí irin gidi, ó ní láti já ọ́síjìn kúrò lára rẹ̀ tipátipá, ohun tó sì gbà láti já a kò dín sí ohun tí irin yóò tú sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá padà. Èyí ni mo pè ní gbèsè nígbà tí mò ń ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá, ó sì yé wọn kíá. Ẹni tó yọ́ irin ló san owó náà sílẹ̀. Ẹni tó ya ọ̀rá lóru ló gbà á.

Àwọn wo ló wá ń san án nílẹ̀ wa?

Ní Ifẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè rìn jìnnà kó má kan irin àtijọ́. Ní ààfin Ọọ̀ni, irin ńlá kan wà tó rí bí ẹ̀kán omi, a ń pè é ní Ògún Ládìn. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni pé Ládìn ni alágbẹ̀dẹ Odùduwà, àti pé owú rẹ̀ ni. Irin tí wọ́n fi iná àti òòlù ṣe ni, kì í ṣe òkúta, ẹni tó bá sì mọ bí ilé àrọ ṣe kéré tó yóò ṣe kàyéfì iye ìgbà tí wọ́n ní láti ti irú nǹkan tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ bọ iná. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn tún wà, òkúta tó ga tó mítà 5.5, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára láti òkè wá sísàlẹ̀. Ère òkúta tí a ń pè ní Ìdènà, èyí tó wà ní igbó Ọ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìṣó irin ni wọ́n fi ṣe irun orí rẹ̀. Àwọn àjòjì tó ń wá wo Ifẹ̀ máa ń sáré lọ bá orí idẹ, ìyẹn àwọn èyí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 àti 1939, mi ò sì dá wọn lẹ́bi nítorí wọ́n lẹ́wà. Ṣùgbọ́n idẹ kò tó irin í ṣòro. Bàbà máa ń yọ́ ní dígírì 1,085. Irin kì í yọ́ títí tó fi dé 1,538, iná èédú nínú ìléru amọ̀ kì í sì í sábà dé ibẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ṣe é? Wọn kò yọ́ irin náà rárá. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ohun tí mo kà.

Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy kọ ìròyìn kan sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nípa abúlé Ọ̀lá-Ìgbì nítòsí Ọ̀yọ́. Ó ti dé ilé ìyọ́rin wọn, ó wo iṣẹ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n fi amọ̀ mọ ìléru náà sínú ilé. Wọn kò lo ẹwìrì. Ihò ni wọ́n dá sí ìdí ìléru yípo, bí iná bá sì ti ń ràn, ooru tó ń gòkè ló ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé fúnra rẹ̀. Wọ́n ń da èédú àti òkúta irin tí wọ́n ti fọ́ sí i lé ara wọn lórí, léraléra, kò sì sí pé à ń sinmi kí iná má baà kú.

Nínú ìléru yẹn, èédú ṣe iṣẹ́ méjì. Ó fún wọn ní iná, ó sì tún jí ọ́síjìn gbé. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá tó èédú, èéfín tó máa jáde lára rẹ̀ jẹ́ èyí tí ebi ọ́síjìn ń pa: carbon monoxide, òun kan náà tó ń pa àwọn tó bá tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Bó bá ti kan òkúta irin, á gba ọ́síjìn ara rẹ̀, á sì bá ẹnu ihò òkè jáde lọ. Yẹ̀pẹ̀ àti ìdọ̀tí inú òkúta náà á yọ́, á ṣàn lọ sísàlẹ̀. Èyí ni à ń pè ní ìdàrọ́. Irin fúnra rẹ̀ kò yọ́. Á kàn rọ̀, á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ bí ìṣù àkàrà tó jóná, tòun ti ihò lára. Ìṣù yìí ni àwọn alágbẹ̀dẹ á rà, tí wọn á máa fi ná òòlù títí ìdàrọ́ tó kù nínú rẹ̀ yóò fi fò dànù. Harbord, onímọ̀ kẹ́mísírì tó yẹ irin Ọ̀lá-Ìgbì wò fún Bellamy, kọ àbájáde rẹ̀ mọ́ ìròyìn náà. Wọ́n mú irin abúlé wa lọ sí ilé ìwádìí ní ìlú òyìnbó ní ọdún tí ilé ìwé gíga kankan kò tíì sí nílẹ̀ Yorùbá láti kọ́ ènìyàn níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ́ wò.

Ọ̀lá-Ìgbì nìkan kọ́ o. Ìsúndúnrin wà nítòsí Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí. David Adeniji lọ bá àwọn àgbà tó mọ iṣẹ́ náà, ó kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ ìwé náà ní 1977. Bí kò bá tètè lọ ni, ikú ì bá ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ní òkè níhìn-ín, ní Taruga nítòsí Àbújá, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ìdí ìléru tó ti lé ní 2,000 ọdún. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òyìnbó ló mú irin wá.

Ohun tí òyìnbó mú wá ni irin tó pọ́ọ́kú. Láti ìgbà tí àwọn Potogí ti dé etí òkun wa ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn ni ọ̀pá irin ti wà lára ọjà tí ọkọ̀ wọn ń kó wá. Pẹ̀lú ọ̀pá irin ni wọ́n fi ra ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ilé ìyọ́rin ṣì wà láàyè títí di ìgbà tí ẹ̀rọ ńláńlá ní ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irin lọ́pọ̀ yanturu. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Ẹ rò ó wò: irin ni ojú ọ̀nà rẹ̀, irin ni ọkọ̀ náà, irin ló tún kó wá tà. Alágbẹ̀dẹ ọlọ́gbọ́n kì í ra ìṣù irin tí yóò ná òòlù fún ọjọ́ kan gbáko nígbà tó lè ra ọ̀pá irin tó ti mọ́. Olùkọ́ ìtàn wa máa ń sọ pé ọ̀làjú ló pa iṣẹ́ náà. Èmi kò gbà. Iye owó ló pa á. Àwọn alágbẹ̀dẹ kú ṣùgbọ́n wọn kò parun. Ilé àrọ ṣì wà ní Ifẹ̀ títí dòní, àdá àti ọkọ́ ṣì ń jáde níbẹ̀. Àwọn ayọ́rin ló parẹ́, ọgbọ́n wọn sì ni ó le jù nínú méjèèjì.

Láti ìgbà náà, irin àlòkù ni à ń yọ́. Àwọn oníkòǹdẹ́ẹ̀mù ń ti ọmọlanke kiri Ìrẹmọ, wọ́n ń ra fíríìjì tó bàjẹ́ àti ìdí ìkòkò. Ìjọba dá ilé-iṣẹ́ irin Àjàòkúta sílẹ̀ ní 1979 kí a lè máa yọ́ irin láti ara òkúta ilẹ̀ wa. Títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ èyí, kò tíì yọ́ irin kankan láti ara òkúta. Abúlé Ọ̀lá-Ìgbì ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ilẹ̀ Japan, wọ́n ti ronú kan ìgbóná tó ṣeé dì sápò. Òkúta ni wọ́n máa ń yáná, tí wọ́n á fi aṣọ wé, tí wọ́n á sì fi sí àyà. Ní 1923, Niichi Matoba ṣe èyí tó ń lo epo àti irin olówó iyebíye kan tó ń jẹ́ platinum, tí kò sì ní ọwọ́ iná. Ní 1978 ni èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú irin ṣe dé ọjà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Hokaron, àwọn èyí tí Àǹtí wa ń rà sì tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀ nígbà tí mo kà á. Gbogbo ohun tó wà nínú àpò náà ló wà ní ilé àrọ kan ní Ifẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àfi ọ̀rá àti vermiculite. Àmọ́ àwa kò nílò rẹ̀ nígbà náà. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn pẹ̀lú. Ẹni tó ní àdógán tó kún fún ẹyin iná lábẹ́ àjà kì í wá ohun tí yóò fi sápò.

Àwa la nílò rẹ̀ báyìí. Àwọn àpò Àǹtí tán ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́, owó tí wọ́n fi ń fi ẹrù ránṣẹ́ sì ju owó àpò náà lọ. Mo pinnu láti ṣe tiwa.

Mo kọ́kọ́ lọ bá ajórin kan. Lábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin, eruku dúdú pọ̀ bí iyanrìn, wọ́n sì ní kí n kó o lọ ọ̀fẹ́. Mo pò ó mọ́ iyọ̀, èédú tí mo gún, lẹ́búlẹ́bú igi tó lè mu omi àti omi ṣíbí mélòó kan, mo dì í sínú áńkáṣíìfù. Kò gbóná rárá. Mo tún iyọ̀ fi kún un, ó tutù bí i ti tẹ́lẹ̀. Àbúrò mi dì í mú fún ìgbà pípẹ́ kó má baà bà mí nínú jẹ́, ó wá ní, "Ó fẹ́ẹ̀ gbóná." Mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní kẹ́mísírì kò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún wọn. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: "Iná wínníwínní tó máa ń fò nígbà tí wọ́n bá ń lọ irin, kí lo rò pé ó ń jó?" Mo dúró. Irin náà ni! Ẹ̀rọ náà lọ irin tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbiná nínú afẹ́fẹ́, ó ti so mọ́ ọ́síjìn kó tó balẹ̀. Irin tí ó ti ná ooru rẹ̀ tán lójú mi ni mo lọ kó wálé.

Ni mo bá lọ sọ́dọ̀ bàbá alágbẹ̀dẹ tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá àgbà wa. Àwọn máa ń fi fáìlì pọ́n ẹnu àdá ní ọwọ́, jẹ́ẹ́jẹ́, láìsí iná tó ń fò. Mo tẹ́ bébà sábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ìdọ̀tí ṣe, mo ṣàlàyé, wọ́n sì gbọ́ mi títí dé òpin. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́ pé bí eruku fáìlì bá pọ̀ lójú kan tí omi sì kán sí i, ó máa ń ṣe gììrì, á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọn kò ka nǹkan kan sí i.

Ti ọ̀tẹ̀ yìí gbóná. Kò gbóná tó ti òyìnbó, kò sì pẹ́ ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n ó gbóná. Àbúrò mi fi sí àárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sọ̀rọ̀, ó sì sùn lọ. Mo jókòó tì í, mo ń rò ó pé irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà, pé òun ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara láìjẹ́ kó dípẹtà, àti pé ohun tó di irin yẹn mú gan-an ni àìsàn rẹ̀ ti bà jẹ́. Bàbá àgbà wọlé wá fọwọ́ kan áńkáṣíìfù náà. Wọ́n bi mí bóyá ẹni tó san gbèsè èyí wà ní Ifẹ̀. Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kí irin àdá náà ti wá láti ara mọ́tò kan tó ti kú, kí wọ́n sì ti yọ́ ọ ní ìlú tí a kò lè mọ̀. Wọ́n ní kí n ṣáà bá àwọn kí i.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun inú áńkáṣíìfù ti le gbagidi, ó sì ti pupa. Mo gbé e lọ han bàbá alágbẹ̀dẹ. Wọ́n kàn án mọ́ igi owú, wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n ní, "Èyí ti padà di ilẹ̀." Oníkòǹdẹ́ẹ̀mù tó ń kọjá lọ kò tilẹ̀ fẹ́ gbé e lórí ìwọ̀n.

Oṣù Ọ̀pẹ ò ní pẹ́ dé. Mo ti ń kó eruku fáìlì jọ láti ìgbà òjò, nínú agolo wàrà tí mo fi sẹ́lótéèpù dí ẹnu rẹ̀ pa kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Ó ti kún dé ìdajì.